Gíà Ọ́tò Inú Ọkọ̀ Àlòkù: Orúkọ Kan, Ẹ̀rọ Mẹ́rin

Ìbéèrè kan wà tí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ àlòkù kì í gbàgbé láti bi ẹni tó ń tà á: “Gíà ẹ̀ dáa ṣá?” Ìdáhùn kan náà ló sì máa ń gbà: “Gíà ẹ̀ dáa gan-an, ẹ wà á wò.” Wọ́n á wà á yípo àdúgbò lẹ́ẹ̀kan, kò ní yọ̀, kò ní gbá, owó á sì ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kejì. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọkọ̀ á dúró sáàárín títì, ẹ́ńjìnnì á máa han bí ẹni tó ń bínú, táyà ò sì ní yí.

Àwọn tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí ló máa ń pariwo jù pé gíà ọ́tò ò dáa, tàbí pé ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ báyìí-báyìí ni kéèyàn má fọwọ́ kàn. Ẹlòmíì tó ti wa ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ kan náà fún ọdún mẹ́wàá láìtú gíà rẹ̀ rí á ní irọ́ ni wọ́n ń pa. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ rú ni pé P, R, N àti D tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá gíà kì í sọ irú ẹ̀rọ tó wà nísàlẹ̀. Ẹ̀rọ mẹ́rin tí ìṣesí wọn ò bára mu ló ń jẹ́ “ọ́tò” nínú àwọn ọkọ̀ oníbúùtù tí ìdílé ń lò, ohun tó sì ń pa ọ̀kan kọ́ ló ń pa èkejì. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń dáhùn tí wọ́n bá bi mí bóyá gíà ọ́tò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé, àfi tí mo bá ti mọ èwo nínú mẹ́rin ni wọ́n ń bi mí léèrè.

Èyí tí ọ́ìlì ń wà

Àkọ́kọ́ ni ògbólógbòó tí gbogbo ayé mọ̀. General Motors ló kọ́kọ́ ṣe é lọ́pọ̀ yanturu fún títà. Hydra-Matic ni wọ́n pè é, inú Oldsmobile ti ọdún 1940 ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nǹkan ti yí padà lára rẹ̀ látìgbà náà, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ìdí rẹ̀ ò yí.

Ẹ fojú inú wo fáànù méjì tó dojú kọra. Ẹ tan ọ̀kan, atẹ́gùn tó ń fẹ́ á mú kí èkejì bẹ̀rẹ̀ sí í yí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò tan ìyẹn. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ló wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíà, àfi pé ọ́ìlì ló wà nípò atẹ́gùn. Tọ́ọ̀kì kọnfátà ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é. Òun ló jẹ́ kí ọkọ̀ lè dúró síbi iná ojú pópó, tí gíà wà ní D, tí ẹ́ńjìnnì ò sì kú: fáànù ti ẹ́ńjìnnì ń yí, ti gíà dúró, ọ́ìlì ń yọ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Yíyọ̀ yẹn ń mú ooru wá. Nítorí náà, tí ọkọ̀ bá ti ń lọ geere, kúlọ́ọ̀ṣì kékeré kan nínú kọnfátà á de fáànù méjèèjì pọ̀ kí wọ́n máa yí bí ẹyọ kan. Ẹ fi kúlọ́ọ̀ṣì kékeré yìí sọ́kàn, a máa padà sí i.

Lẹ́yìn kọnfátà ni àwọn kẹ̀kẹ́ eléyín wà: ọ̀kan jókòó sáàárín bí oòrùn, àwọn kéékèèké ń yí i ká, òrùka ńlá kan sì pa gbogbo wọn mọ́. Tí ẹ bá di ọ̀kan mú, tí ẹ jẹ́ kí àwọn tó kù máa yí, ìyára kan nìyẹn. Ẹ di òmíràn mú, ìyára mìíràn, tàbí kí ọkọ̀ máa fẹ̀yìn rìn. Gbogbo ohun tí à ń pè ní “gíà wọlé” kò ju kí a di èyí mú, ká fi ìyẹn sílẹ̀ lọ. Ohun tó ń dì wọ́n mú ni àwọn kúlọ́ọ̀ṣì, ìyẹn àwo irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra, tí ojú wọn ní ìbora kan tó rí bíi páálí, tí ọ́ìlì ń fi agbára tẹ̀ pọ̀. Fáàfù bọ́dì, irin kan tí ihò tóótòòtó kún inú rẹ̀ bí ilé ikán, ló ń pín ọ́ìlì náà káàkiri. Sólénọ́ìdì ló ń ṣí ọ̀nà tó sì ń dí i, kọ̀ǹpútà ló sì ń pàṣẹ fún sólénọ́ìdì.

Mo là á sílẹ̀ tó báyìí kó lè hàn pé ọ́ìlì inú gíà kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń ra irin lára lásán. Òun ló ń gbé agbára kọjá, òun ló ń tẹ kúlọ́ọ̀ṣì, òun náà ló ń ru ooru lọ sídìí rédíétọ̀. Tó bá dín, tàbí tó bá gbó, kò ní lè tẹ àwo dáadáa mọ́. Àwo á máa yọ̀ díẹ̀díẹ̀, yíyọ̀ á mú ooru wá, ooru á jó ọ́ìlì, ọ́ìlì tó jó á tún mú kí àwo yọ̀ sí i. Ó lè gbà tó ọdún mélòó kan kí àyípo yìí tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ti tó fún un láti parí iṣẹ́ rẹ̀.

Nínú ẹ̀yà yìí, àwọn onípele mẹ́rin, bí irú èyí tó wà nínú Toyota Camry ẹlẹ́sílíńdà mẹ́rin ti 2002 sí 2004, ni mo máa ń fún ní máàkì tó ga jù. Ó ń mu epo ju ti ìsinsìnyí lọ, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń pariwo lójú ọ̀nà márosẹ̀ torí kò ní ìpele karùn-ún tàbí ìkẹfà tó lè sinmi sí. Ṣùgbọ́n ohun tó lè bàjẹ́ nínú rẹ̀ kéré, àwọn tó mọ̀ ọ́n tún ṣe sì pọ̀.

Ẹ̀kọ́ tí Honda fi owó kọ́

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé gíà tó bá ti jẹ́ ẹ̀yà àkọ́kọ́ yìí ti bọ́ lọ́wọ́ ewu nìyẹn. Ní 2004, Honda pe ọkọ̀ tó tó mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún padà ní Amẹ́ríkà nítorí gíà ọ́tò wọn. Ìṣòro náà ò díjú: ọ́ìlì kì í dé ara gíà kejì tó bó ṣe yẹ, ooru ń kó jọ síbẹ̀, eyín gíà náà sì lè fọ́, ó tiẹ̀ lè dì pa lójijì nígbà tí ọkọ̀ ń sáré. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe fún èyí tí kò tíì bàjẹ́ ni pé wọ́n fi nǹkan kékeré kan kún un tó ń tú ọ́ìlì sára gíà yẹn ní tààrà. Èyí tí ooru ti pa àwọ̀ irin rẹ̀ dà, wọ́n pààrọ̀ gbogbo gíà fún olówó rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fà yọ níbẹ̀ nìyí. Accord ti 2003 àti 2004 wà lára àwọn tí wọ́n pè padà, ṣùgbọ́n V6, ẹlẹ́sílíńdà mẹ́fà, nìkan ni. Èyí tó jẹ́ ẹlẹ́sílíńdà mẹ́rin, tí ọdún wọn jọ dọ́gba, tí ilẹ̀kùn àti iná iwájú wọn ò yàtọ̀, kò sí nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé “Accord 2003 ni mo fẹ́ rà, ṣé ó dáa?” ò tíì sọ nǹkan kan. Èwo nínú méjèèjì?

Ẹ̀ẹ̀kan náà kọ́. Ní 2011, Honda tún pe nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ ọkọ̀ padà káàkiri ayé, lọ́tẹ̀ yìí àwọn Accord ẹlẹ́sílíńdà mẹ́rin ti 2005 sí 2010 náà wà níbẹ̀. Wọn ò tú irin kankan. Ètò tó wà nínú kọ̀ǹpútà gíà ni wọ́n tún kọ, torí tí awakọ̀ bá ń yí gíà láti R sí D, láti D sí R, kíákíá-kíákíá bí ẹni tó fẹ́ yọ ọkọ̀ nínú ẹrẹ̀, bẹ́árìn kan nínú gíà lè fọ́. Ọkọ̀ àlòkù tó wà nínú irú ètò bẹ́ẹ̀ lè ti gba àtúnṣe náà, ó sì lè má gbà á rí. Nọ́ńbà tó wà lára gíláàsì iwájú, èyí tí wọ́n ń pè ní VIN, ni wọ́n fi ń wádìí rẹ̀ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é.

CVT: gíà tí kò ní gíà

Ẹ̀rọ kejì ni CVT, òun sì ni àríyànjiyàn pọ̀ sí jù. Kò sí ìpele kankan nínú rẹ̀. Kóònù méjì ló dojú kọra níhìn-ín, kóònù méjì mìíràn dojú kọra lọ́hùn-ún, bẹ́líìtì kan sì so wọ́n pọ̀. Tí kóònù tìhín bá sún mọ́ra, bẹ́líìtì á gòkè sí ibi tó fẹ̀. Tí tọ̀hún bá ṣí, bẹ́líìtì á wọlẹ̀ síbi tó tín-ín-rín. Bí ìyára ṣe ń yí padà láìdúró, láìgbá, nìyẹn. Ọgbọ́n náà ti pẹ́: ilé-iṣẹ́ DAF ní Netherlands ti fi bẹ́líìtì rọ́bà ṣe é sínú ọkọ̀ kékeré ní 1958. Ti òde òní jẹ́ irin, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ègé irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n to mọ́ra lára òrùka, tó sì yani lẹ́nu pé títì ló ń ti agbára lọ, kì í fà á bí ṣéènì kẹ̀kẹ́.

Ibi tó ti gbẹgẹ́ ni pé kò sí eyín tó wọ inú ara wọn. Ìdìmú lásán ló mú bẹ́líìtì lára kóònù, ọ́ìlì tó ń fi agbára tẹ kóònù ló sì ń jẹ́ kó dì í mú. Tí agbára ọ́ìlì bá já wálẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré, bẹ́líìtì á yọ̀, á fi àpá sára kóònù. Àpá yẹn ò ní jinná. Gbogbo ìgbà tí bẹ́líìtì bá tún kọjá níbẹ̀ ni yóò máa họ ọ́ sí i, ìyẹ̀fun irin á sì máa bọ́ sínú ọ́ìlì. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ibi àtúnṣe kì í fi í tú CVT tó ti yọ̀ bẹ́ẹ̀ wò: gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa ń ní kí ẹ pààrọ̀.

Nissan ni orúkọ tó máa ń jáde tí wọ́n bá dárúkọ CVT. Altima ti gba CVT láti inú èyí tó jáde fún ọdún 2007. Ní Amẹ́ríkà, Nissan fúnra rẹ̀ fi kún wáráńtì CVT àwọn ọkọ̀ 2003 sí 2010, títí dé ọdún 10 tàbí 120,000 máìlì. Nígbà tó tún kan Altima 2013 sí 2016, lẹ́yìn tí àwọn oníbàárà ti gbé e lọ sílé ẹjọ́, wọ́n sún wáráńtì náà láti oṣù 60 tàbí 60,000 máìlì sí oṣù 84 tàbí 84,000 máìlì. Ilé-iṣẹ́ kì í dédé fi kún wáráńtì ohun tí kò yọ wọ́n lẹ́nu. Gbogbo wáráńtì yìí ti tán báyìí, ṣùgbọ́n ó ṣì wúlò fún ẹni tó fẹ́ ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀: ẹ béèrè bóyá wọ́n ti pààrọ̀ CVT rẹ̀ rí, kí ẹ sì béèrè ìwé rẹ̀. Èyí tí wọ́n ti pààrọ̀ pẹ̀lú ìwé tó ṣe é kà, mo fẹ́ ẹ ju èyí tí ẹni tó ń tà á ń fi yangàn pé “ti ilé-iṣẹ́ ló ṣì wà níbẹ̀” lọ.

Mi ò sọ pé gbogbo CVT ló burú o. Èyí tó dúró lórí ọ́ìlì tuntun, tí ooru kì í jẹ ẹ́, ń pẹ́. Àwọn tó ń ṣe é náà ti kọ́gbọ́n. Toyota fi gíà gidi kan, eléyín, kún CVT tó wà nínú Corolla onílítà méjì ti 2020, òun ni ọkọ̀ fi ń gbéra, kó tó wá gbé iṣẹ́ fún bẹ́líìtì. Ìgbà tí ọkọ̀ bá ń gbéra láti ojú kan ni bẹ́líìtì máa ń jìyà jù. Wọ́n kúkú mú un kúrò nínú ìyà náà.

Ẹni tí kò lo CVT rí á kọ́kọ́ rò pé ó ń yọ̀: ẹ tẹ tọ́tù, ariwo ẹ́ńjìnnì á gòkè, á dúró lójú kan, ọkọ̀ á sì máa sáré bọ̀ lẹ́yìn. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Àìsàn ni kí ọkọ̀ máa gbọ̀n rìrìrì tí ẹ bá rọra tẹ tọ́tù, kó máa hu bí ẹ̀fúùfù tí ohùn rẹ̀ ń ga bí ìyára ṣe ń ga, tàbí kí agbára já lójijì lẹ́yìn ìrìn àjò gígùn nínú oòrùn. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, kọ̀ǹpútà ló ń dín agbára kù torí ooru ti pọ̀ jù. Tí ẹ bá dúró kó tutù, á padà sípò, ẹni tó fẹ́ tà á sì lè má sọ ọ́ rárá.

Àwọn méjì tó kù

Ẹ̀kẹta jẹ́ gíà mánúwà tí kọ̀ǹpútà ń bá èèyàn tẹ kúlọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Kúlọ́ọ̀ṣì méjì ló ní: ọ̀kan fún ìpele kìíní, ìkẹta, ìkarùn-ún; èkejì fún ìkejì, ìkẹrin, ìkẹfà. Bí ọ̀kan ṣe ń jù ú sílẹ̀ ni èkejì ń gbà á, ó sì yára bí àṣá. Èyí tí kúlọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà nínú ọ́ìlì máa ń fara da ooru. Èyí tó gbẹ ni ẹ ṣọ́ra fún, pàápàá tí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ bá jẹ́ ìgbé ayé yín, torí gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá ń fà bí ìgbín, kúlọ́ọ̀ṣì ò dì mú tán, kò sì jù sílẹ̀ tán. Ó ń jó ni.

PowerShift tí Ford fi sínú Focus ti 2012 sí 2016 àti Fiesta ti 2011 sí 2016 jẹ́ irú èyí tó gbẹ. Gbígbọ̀n rẹ̀ di ẹjọ́, Ford sì sún wáráńtì kúlọ́ọ̀ṣì rẹ̀ dé ọdún 7 tàbí 100,000 máìlì, ti kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé ọdún 10 tàbí 150,000 máìlì. Volkswagen náà pe ọkọ̀ mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta padà káàkiri ayé ní 2013 nítorí DSG onípele méje, orúkọ tí wọ́n ń pe gíà oníkúlọ́ọ̀ṣì méjì tiwọn. Lọ́dọ̀ tiwọn, ọ́ìlì ló dá a sílẹ̀: irú èyí tí wọ́n fi sínú rẹ̀ lè da iná mànàmáná gíà rú, wọ́n sì fi irú mìíràn rọ́pò rẹ̀. Mi ò ní sọ pé kẹ́nì kankan má ra Focus ọ́tò ọdún wọ̀nyẹn. Èmi ò ní rà á ni.

Ẹ̀kẹrin, tí ìwé ọkọ̀ sábà máa ń pè ní e-CVT, ni ti ọkọ̀ aláàbọ̀ iná aláàbọ̀ epo bíi Camry Hybrid. Orúkọ yìí ti lé ọ̀pọ̀ èèyàn sá láìnídìí. Kò sí bẹ́líìtì nínú rẹ̀, kò sí kóònù, kò tiẹ̀ sí tọ́ọ̀kì kọnfátà. Mọ́tò iná méjì àti kẹ̀kẹ́ eléyín bí oòrùn tí mo ṣàpèjúwe lẹ́ẹ̀kan ni Toyota fi ṣe tirẹ̀, láti ìgbà tí Prius ti jáde ní 1997. Ohun tó lè jẹ tàbí tó lè yọ̀ níbẹ̀ kéré gan-an. Tí ẹ bá ń ra irú ọkọ̀ yìí, bátìrì rẹ̀ ni kẹ́ ẹ dààmú lé lórí, kì í ṣe gíà.

Báwo lẹ ṣe máa mọ èwo ló wà nínú èyí tó wà níwájú yín? Ìwé ìlò ọkọ̀ máa sọ ọ́, VIN náà máa sọ ọ́. Toyota tiẹ̀ máa ń kọ orúkọ gíà sára ìwé pélébé tó wà níbi férémù ilẹ̀kùn awakọ̀. U241E tí ẹ bá rí níbẹ̀, onípele mẹ́rin tí mo yìn lókè nìyẹn.

Ọ́ìlì “títí ayé”

Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló kọ ọ́ sínú ìwé pé ọ́ìlì gíà kò nílò pípààrọ̀, pé ti títí ayé ni. Ayé ta ni? Ayé ẹni àkọ́kọ́ tó ra ọkọ̀ náà ni, tó máa tà á kó tó di nǹkan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ẹnì kẹta ti ń wakọ̀ lẹ́yìn ayé yẹn. Àwọn tí gíà nìkan ni iṣẹ́ wọn sábà máa ń sọ pé kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ láàárín 60,000 sí 100,000 kìlómítà, CVT kó máà jìnnà sí 60,000.

Ṣùgbọ́n ẹ óò ti gbọ́ ọ pé tí wọ́n bá pààrọ̀ ọ́ìlì gíà tó ti gbó, gíà á kú. Mo ti rí ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí. Ohun tó máa ń wà nídìí rẹ̀ ni pé olówó ọkọ̀ ò rántí ọ́ìlì àfi ìgbà tí gíà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Àwo ti jẹ tán nígbà náà. Ìyẹ̀fun ara àwo tó ti bọ́ sínú ọ́ìlì dúdú yẹn gan-an ló kù tó ń bá a dì mú díẹ̀. Ọ́ìlì tuntun dé, ó fọ̀ ọ́ dànù, gíà dúró. Òkú ti kú tẹ́lẹ̀ ni, wọ́n kàn wá túfọ̀ rẹ̀. Ohun kejì ni ẹ̀rọ tí àwọn kan fi ń fi agbára ti ọ́ìlì tuntun gba inú gíà kọjá: ó lè ṣí ìdọ̀tí nídìí, kó lọ dí ihò tóótòòtó inú fáàfù bọ́dì.

Gíà tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, tí ọ́ìlì rẹ̀ kàn ti pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, kò sí ohun tó burú nínú kí wọ́n tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, kí èyí tó bá lè dà dà, kí wọ́n sì fi iye kan náà dípò. Ìdá mẹ́ta rẹ̀ tàbí ìdajì ló máa jáde, torí ìyókù wà nínú kọnfátà. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n lè tún un ṣe. Gíà tó ti ń yọ̀, tí ọ́ìlì rẹ̀ ń rùn bí ohun tó jóná, ọ́ìlì kọ́ ni oògùn rẹ̀ mọ́.

Orúkọ ọ́ìlì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpolówó. Honda ní DW-1 fún gíà ẹ̀yà àkọ́kọ́, ó ní HCF-2 fún CVT. Nissan ní NS-2 àti NS-3 fún CVT tirẹ̀. WS ni ti ọ̀pọ̀ Toyota. Ọ́ìlì CVT gbọ́dọ̀ jẹ́ kí irin yọ̀ níbi tó yẹ kó yọ̀, kó sì jẹ́ kí bẹ́líìtì dì mú níbi tó yẹ kó dì mú. Ẹni tó bá fi ọ́ìlì gíà lásán sí i ti ba tirẹ̀ jẹ́. Tí mẹkáníìkì bá ní “gbogbo ẹ̀ náà ni,” ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Nípa wíwò ọ́ìlì: ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló pupa nígbà tó wà ní tuntun, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀, nítorí náà òórùn ló ń sọ òótọ́ ju àwọ̀ lọ. Àwọ̀ kan ṣoṣo ni kò gba àríyànjiyàn. Tó bá funfun pọ́ńpọ́ńrán bí wàrà tí wọ́n da ohun pupa sí, omi rédíétọ̀ ti wọ inú rẹ̀. Páìpù tó ń tu ọ́ìlì gíà lára sábà máa ń gba inú rédíétọ̀ kọjá. Tó bá lu níbẹ̀, omi á wọlé, ìbora ojú àwo á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò. Ẹ má ra ọkọ̀ náà. Tí kò bá sì sí géèjì tí ẹ lè fà yọ, tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun kò ní, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń wọn ọ́ìlì náà nígbà tó bá gbóná dé ìwọ̀n kan, nǹkan bíi 40 lórí ìwọ̀n Celsius fún Toyota tó ń lo WS. Ẹni tó bá kàn ń bù ú sí i láìwọn ooru lè fi sí i jù, tó bá sì pọ̀ jù, á máa hó, ìfófòó ò sì lè tẹ kúlọ́ọ̀ṣì.

Bí mo ṣe ń dán an wò

Kí ẹ tó lọ, ẹ bẹ ẹni tó ń tà á pé kó má tíì ṣíná ọkọ̀ náà. Tí ẹ bá dé, ẹ gbé ọwọ́ lé bónẹ́ẹ̀tì. Tó bá ti gbóná, ẹ bi í pé kí ló dé. Àwọn àìsàn kan wà tó jẹ́ pé àárọ̀ nìkan, tí rọ́bà inú gíà ṣì le, ni wọ́n ń hàn. Àwọn mìíràn ń fara pamọ́ nígbà òtútù, torí ọ́ìlì tó tutù nípọn, ó sì lè bo àṣírí rọ́bà tó ti jẹ. Ìgbà tí ọ́ìlì bá gbóná tó sì ṣàn bí omi lẹ tó máa rí ìyẹn. Nítorí náà, wíwà yípo àdúgbò lẹ́ẹ̀kan ò tó. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni kó kéré jù, kí òkè wà nínú rẹ̀, kí ibi tí ọkọ̀ ti ń dúró tó ń lọ náà wà nínú rẹ̀.

Ẹ tẹ bíréèkì, ẹ ti P bọ́ sí R. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n lára pé ó ti gbé. Tí ẹ bá ní láti dúró ka “méjì, mẹ́ta”, agbára ọ́ìlì ti ń lọ sílẹ̀. Ẹ bọ́ sí D, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Lójú ọ̀nà, ojú yín kó wà lára abẹ́rẹ́ tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnnì: nínú gíà onípele, tó bá fò sókè nígbà tí ìyára ọkọ̀ ò pọ̀ sí i, ó ń yọ̀ nìyẹn. Ẹ wá wà á láàárín 60 sí 80 kìlómítà ní wákàtí kan, ẹsẹ̀ yín fẹ́rẹ́ lórí tọ́tù. Tó bá ń gbọ̀n bí ẹni pé táyà ń gun orí òkúta wẹ́wẹ́, kúlọ́ọ̀ṣì kékeré inú kọnfátà tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn ni, kò dì mú dáadáa mọ́. Ọ́ìlì tuntun máa ń wo èyí sàn nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ẹ má sanwó lórí “nígbà mìíràn”.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó bá gbá ni gíà gbá. Síìtì ẹ́ńjìnnì, rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé, tó bá ti ya, ọkọ̀ á máa ta gbá bí ẹ bá ti yí i sí R, ẹ ó sì rò pé gíà ti kú. Iye tí wọ́n fi ń pààrọ̀ rẹ̀ ò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíà. Púlọ́ọ̀gì tó ti jẹ náà lè mú kí ọkọ̀ máa gbọ̀n bíi ti kọnfátà.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi skánà, ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù àìsàn inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀, wò ó. Kóòdù P0700 tí ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù jẹ́ agogo lásán: kọ̀ǹpútà gíà ń sọ fún ti ẹ́ńjìnnì pé òun ní ẹjọ́. Inú kọ̀ǹpútà gíà fúnra rẹ̀ ni ẹjọ́ ọ̀hún wà, skánà olówó pọ́ọ́kú kì í sì í dé ibẹ̀. P0741 ń tọ́ka sí kúlọ́ọ̀ṣì kọnfátà, P0730 ń sọ pé ìpele tí kọ̀ǹpútà pè kọ́ ló jáde. Tí kò bá sí kóòdù kankan rárá, tí skánà sì fi hàn pé àwọn àyẹ̀wò tí ọkọ̀ máa ń ṣe fún ara rẹ̀ ò tíì parí, ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kóòdù rẹ́ ni, tàbí kí wọ́n ti yọ bátìrì. Ẹ bi wọ́n léèrè.

Tí ẹ bá ti rà á, ọ̀rọ̀ kù díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ dúró pátápátá kẹ́ ẹ tó yí i sí R. Lórí òkè, ẹ fa bíréèkì ọwọ́ kẹ́ ẹ tó fi sí P, torí irin kékeré bí ìka ọwọ́ ni P fi ń di gbogbo ọkọ̀ mú. Bó bá kú lọ́nà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi okùn fà á lọ pẹ̀lú táyà tí gíà ń yí nílẹ̀: ẹ́ńjìnnì ló ń yí ẹ̀rọ tó ń fa ọ́ìlì gíà, ẹ́ńjìnnì tó ti kú ò sì lè fún gíà tó ń yí ní ọ́ìlì.

Tó bá wá di pé gíà gbọ́dọ̀ jáde, ọ̀nà méjì ló sábà wà: kí wọ́n tú u, kí wọ́n pààrọ̀ ohun tó jẹ, tàbí kí wọ́n gbé àlòkù mìíràn sí i. Èyí tí wọ́n tú lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa ni mo fẹ́ràn, torí àlòkù tí ẹ ò mọ ibi tó ti ń bọ̀ tún ni ìbéèrè “gíà ẹ̀ dáa ṣá?” láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹ rí i pé wọ́n fọ páìpù àti ibi tí ọ́ìlì ti ń tutù lára rédíétọ̀, tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ìyẹ̀fun irin láti inú gíà tó kú ṣì wà níbẹ̀, ìrìn àkọ́kọ́ tí ẹ bá sì fi gíà tuntun rìn ló máa gbé e wọlé.